Ṣé mo lè tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì bí ìjì yìnyín bá mú iná lọ?

Rárá o, kódà bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì náà sílẹ̀ gbayawu. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn. Ẹni tó ń pa lè rò pé oorun lásán ló ń kun òun. Ìta ni kí ẹ gbé e sí, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ má sì dáná èédú nínú ilé.

Bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà, ẹ jókòó sínú rẹ̀. Nínú ìjì tó jà ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, èèyàn tó lé ní 40 ló kú, wọ́n sì bá òkú àwọn kan níta. Ẹ gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kan tó.

Lẹ́yìn ìjì, iṣẹ́ ṣọ́bìrì ló kù. Yìnyín tó rin máa ń wúwo gan-an, òtútù sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kó o. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà.