Ṣé ìwé Livy nìkan tó fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn ọba Róòmù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń kọ ìtàn àròsọ nípa Tullia, ọmọ ọba Róòmù tó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin tẹ òkú bàbá rẹ̀. Mo ti ka ìwé Livy, òpìtàn Róòmù àtijọ́, tán. Ààfin mábù funfun ni mo fi wọ́n sí, mo sì ti mú kí ọjọ́ orí gbogbo wọn bá ọdún inú ìwé mu. Kí ló kù kí n wádìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wó ààfin mábù yẹn. Tufa ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ńlá nígbà náà, ìyẹn eérú òkè ayọnáyèéfín tó dì di òkúta. Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n lé ọba tó kẹ́yìn kí Róòmù tó ní tẹ́ńpìlì mábù. Owó ẹyọ náà ò tíì sí; idẹ ni wọ́n ń wọ̀n fún ara wọn.

Ìyẹn ò le. Ọ̀rọ̀ ọdún yẹn ló ń bí mi nínú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí í. Ta ló sọ fún yín pé Livy mọ ọdún? Ayé Augustus, olú-ọba Róòmù àkọ́kọ́, ló ti kọ̀wé, nǹkan bí 500 ọdún lẹ́yìn Tullia. Fabius Pictor, ará Róòmù tó kọ́kọ́ kọ ìtàn ìlú náà, kò tíì ju nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Jésù lọ. Livy fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ló jóná nígbà tí àwọn Gaul, ẹ̀yà kan láti àríwá, sun ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti 753 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n ní wọ́n dá ìlú sílẹ̀, dé 509, tí wọ́n lé ọba tó kẹ́yìn, jẹ́ ọdún 244, ọba méje. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 35. Bẹ́ẹ̀ Romulus pòórá nínú ìjì, àrá pa Tullus Hostilius, wọ́n pa Tarquinius àkọ́kọ́, wọ́n pa Servius bàbá Tullia, wọ́n sì lé èyí tó kẹ́yìn kúrò nílùú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ló ń pẹ́ lórí oyè?

Ọkọ Tullia náà, ọba tó kẹ́yìn yẹn, ńkọ́? Fabius ní ọmọ Tarquinius àkọ́kọ́ ni. Òpìtàn Dionysius ará Halicarnassus ṣírò ọdún, ó rí i pé arúgbó ni ọkùnrin náà ìbá ti jẹ́ lọ́jọ́ tó gbé Servius sọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ló bá fara mọ́ Piso, òpìtàn mìíràn, tó ní ọmọ ọmọ ni. Livy ní kò fi bẹ́ẹ̀ yé òun! Ẹ ti ka ibẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kà. Ní 1899 wọ́n wa òkúta kan jáde ní Forum, gbàgede àárín ìlú Róòmù, tí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọba wà lára rẹ̀. Ní 1948 wọ́n rí ojú òpó ahéré lórí òkè Palatine, ṣùgbọ́n ẹ má kó Tullia síbẹ̀ o. Ahéré wọ̀nyẹn ti ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún. Olú-ọba Claudius sì sọ pé àwọn ará Etruria, ilẹ̀ tó múlé ti Róòmù, ní Mastarna, jagunjagun tiwọn, ni Servius. Èmi ò ní kí ẹ gbà á gbọ́, àmọ́ tèmi bá ni ìwé yẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń jà lórí púpọ̀ nínú èyí, nítorí náà bí wọ́n bá tún wa nǹkan tuntun jáde lọ́la, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́rìí. Ẹ yọ ọdún kúrò lórí gbogbo orí ìwé yẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹ fi í sílẹ̀, ìyẹn dáa.