Mo fẹ́ ra àwo amọ̀ Picasso sínú pálọ̀ mi ní Kábà. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ yí àwo náà dojú dé, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilé iṣẹ́ amọ̀mọkòkò Madoura ní Vallauris, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni Picasso, gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀ ní pẹrẹu lọ́dún 1947, lọ́dọ̀ Suzanne àti Georges Ramié. Títí di 1971, oríṣi 633 ni wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún títà. Òmíràn ò ju ẹyọ 25 lọ, òmíràn tó 500. Ẹ̀dà wọ̀nyí ló sábà máa ń wà lọ́jà, ojúlówó sì ni wọ́n.

Lára òǹtẹ̀ tí ẹ ó rí nídìí wọn ni "Madoura Plein Feu" àti "Edition Picasso". Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀, ẹ fi èékánná kàn án, ẹ ó mọ̀ pé ó jin wọnú. Àmọ́ òǹtẹ̀ nìkan ò tó, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú pẹ̀lú ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àwo náà wé ìwé àkójọ Alain Ramié, tó to gbogbo ẹ̀dà náà. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún ìwé tó fi hàn ọwọ́ àwọn tí àwo náà ti wà rí.

Ẹ má rẹ ẹ́ sómi o, amọ̀ yìí máa ń fa omi mu. Eruku ọyẹ́ tiwa níbí, aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kí ẹ fi nù ún.

Bó bá jẹ́ èmi, iṣẹ́ Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ni mo máa kọ́kọ́ wá.