Wọ́n ń pe ọmọ mi ní òròbó

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án, ṣòkòtò iléèwé kankan kò gbà á mọ́. Òròbó ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kò jìnnà sí ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan. Tó bá ti iléèwé dé, mítípáì àti ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ń dá a dúró títí a ó fi relé. Ìyá ọkọ mi ní ara ọmọ ló dá. Ọkọ mi náà ti wọn kìlógíráàmù 95, kò sì ga ju mítà 1.7 lọ.
— Ìyá Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọwọ́ èmi náà kò mọ́: bí mo bá ti Ṣágámù dé, àpò adìẹ díndín ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó kí mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò yẹn ná. Ẹlẹ́rìndòdò 50cl lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, ìyẹn ṣúgà oníhóró bíi méjìlá. Ẹ ka méjìlá sórí tábìlì ìránṣọ yín, kí ẹ wò ó. Ta ni yóò da ìyẹn sínú tíì ọmọ? Mítípáì ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun funfun àti bọ́tà ni. Kò gba jíjẹ, ó ti wọlé kí ikùn tó mọ̀ pé òun yó.

Ẹ má febi pa á o. Ọmọ ṣì ń ga, a fẹ́ kí gíga rẹ̀ lé ìwúwo rẹ̀ bá ni. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìṣirò àgbà kọ́ la fi ń wo ọmọdé.

Ti bàbá rẹ̀ ló rọrùn, gíga lọ́nà gíga la fi ń pín ìwúwo: 1.7 lọ́nà 1.7 jẹ́ 2.89, ẹ fi pín 95, ó lé ní 32. Àgbà tó bá ti dé 30 ti sanra jù. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò fún wọn.

Omi, ọsàn, ẹ̀pà sísè ni kí ọmọ máa bá ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé àwa Ìjẹ̀bú á ní gààrí ńkọ́. Gààrí wa kan dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ṣúgà ṣíbí márùn-ún sí i, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan lójúmọ́, kó yé jókòó ti fóònù yín.

Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ ní kí wọ́n wá bá yín ka ṣúgà náà.