Kí ló dé tí lẹ́tà ayé Victoria fi kún fún ọ̀rọ̀ ìwé àti ìràwọ̀?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló fà á tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n bá ń kọ lẹ́tà síra wọn, á máa fi odidi ojú ewé sọ̀rọ̀ àríwísí ìwé, tí wọ́n á tún bọ́ sórí ìràwọ̀. Ó ní ṣé ṣekárími ni.

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Kó tó di 1840, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, iye ewé àti bí ọ̀nà ṣe jìn sí ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ń kọ ewé kan kún, tí á dá a ní ìbú, tí á tún kọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí. Nígbà tó di oṣù kìíní 1840, owó rẹ̀ di pẹ́nì kan káàkiri Britain, bí kò bá ṣáà ti wúwo ju ìdajì áúnsì lọ. Láàárín ọdún kan, iye lẹ́tà lé ní ìlọ́po méjì. Àyè wá gba ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe kánjúkánjú.

Ti àríwísí ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi. Nínú ìwé àtìgbàdégbà bíi Quarterly Review, ẹni tó kọ àríwísí kì í fi orúkọ sí i. Wọ́n bú ọ, o ò mọ ẹni tó bú ọ. Ta lo fẹ́ fún lésì? Ẹ wo Charlotte Brontë, obìnrin òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Oṣù kẹwàá 1847 ni ìwé rẹ̀, Jane Eyre, jáde, Currer Bell lorúkọ tó fi bojú. Haworth ní Yorkshire ló ń gbé, ó jìnnà sí àwùjọ àwọn òǹkọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù. W. S. Williams, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà, ló ń fi àríwísí ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì kọ̀wé padà, á sọ ibi tó gbà àti ibi tó dùn ún. Ní oṣù kejìlá 1848, Quarterly Review bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà, wọ́n ní bó bá jẹ́ obìnrin ló kọ ọ́, á jẹ́ èyí tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹra fún tipẹ́. Elizabeth Rigby ló kọ àríwísí náà, obìnrin bíi tirẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yẹn gan-an ni Emily àbúrò Charlotte kú. Ẹni tí irú èyí bá bá, tí kò lẹ́nìkan nítòsí tó lè bá sọ̀rọ̀ ìwé, kí ló kù fún un bí kò ṣe lẹ́tà?

Ìràwọ̀ ń kọ́? Ní oṣù kẹfà 1858, Giovanni Battista Donati, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Italy, rí ìràwọ̀ onírù kan ní Florence. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ojú lásán ti ń rí i kedere. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ìrù rẹ̀ bo ìràwọ̀ Arcturus, síbẹ̀ Arcturus ń tàn yọ láti inú rẹ̀. Olówó rí i, tálákà rí i. Ọ̀rẹ́ tó jìnnà náà lè jáde síta kó wò ó, kó sì kọ èyí tó rí wá.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè di ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1859, Richard Carrington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ń fi awò rẹ̀ wo oòrùn ní Redhill nígbà tí ìmọ́lẹ̀ méjì ṣàdédé bẹ́ jáde lójú oòrùn náà. Richard Hodgson náà rí i níbòmíràn. Carrington mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti bá Hodgson fikùn lukùn kí ìròyìn wọn má baà ran ara wọn. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kọ sílẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, ó ti pòórá. Torí náà, bí ẹ bá rí aago nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ má fò ó.