Àṣíborí nínú kayak: abẹ́ omi ni kí ẹ wò

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọjọ́ méjì wa ọkọ̀ lórí odò Wye, tó ń ṣàn ní Wales àti England, pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sì lọ gbìyànjú Lee Valley lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n kọ́ ọ̀nà omi líle sí nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnìkan sọ fún yín pé kí gbogbo yín dé àṣíborí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹlòmíràn ní àṣejù ni. Ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì ń wò, kò sí èyí tó wo abẹ́ omi nínú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé níbi tí mo wà báyìí, kí ni orí mi máa gbá?

Bó bá jẹ́ omi jíjìn tó dákẹ́, kò ní gbá nǹkan kan. Láti ìlú Ross-on-Wye sísàlẹ̀, odò náà ń rọra ṣàn ní ọ̀pọ̀ ibi. Life jacket lẹ máa náwó lé níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè lo èyí tí wọ́n kọ 50 newton sí (bí agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó ṣe tó nìyẹn), ọmọ tí kò lè wẹ̀ nílò 100. Fìlà oòrùn ti tó orí. Ọ̀sà Èkó náà kò yàtọ̀: ẹni tó dé àṣíborí síbẹ̀ láìwọ life jacket fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá ni.

Symonds Yat, nísàlẹ̀ odò Wye kan náà, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Omi ibẹ̀ ń hó lórí òkúta, kò gùn, ìpele 2 péré ló sì wà nínú 6 tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe le tó, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fojú kéré rẹ̀. Ẹ rántí pé omi tí kò ju orúnkún lọ ló ń fọ́ni lórí, kì í ṣe èyí tó mu èèyàn dé ọrùn. Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ so àṣíborí gbogbo yín mọ́ inú ọkọ̀ láti àárọ̀, kí ẹ yà sétí odò kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ di okùn ara yín wò, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ariwo omi bá ti ń dún létí yín. Ọwọ́ tó yẹ kó di àjẹ̀ mú kò ráyè wá okùn àgbọ̀n mọ́.

Ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Canoe tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń da èèyàn sómi ní ẹ̀gbẹ́ ni, orí sì sábà máa ń wà lókè. Kayak tí ẹ ti fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ mọ́ ìbàdí kì í da yín nù. Ẹ ó so rọ̀ sódìkejì lábẹ́ rẹ̀, orí ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, omi á sì máa gbé ọkọ̀ lọ, á máa wọ́ orí yín kọjá lórí òkúta. Nítorí náà, lójú omi kan náà, ẹni inú kayak ti gbọ́dọ̀ dé àṣíborí kí ẹni inú canoe tó ronú kàn án. Bó bá dojú dé, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ojú yín súnmọ́ ara ọkọ̀. Àṣíborí àti ẹ̀yìn life jacket ni òkúta máa bá. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn ti gbé ojú àti eyín lé òkúta lọ́wọ́, àṣíborí lásán kò sì bo ibẹ̀.

Ibi ìgbì òkun náà ń tan èèyàn jẹ, irú Tarkwa Bay l'Ékòó, torí kò sí òkúta. Yanrìn tí ìgbì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ le bíi sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ tí ìgbì jù sókè sì lè bọ́ lé yín lórí. Ẹ dé e níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo inú rẹ̀ fún àmì CE àti EN 1385, ìyẹn àmì ìlànà ààbò ti Yúróòpù. Ti omi gan-an nìyẹn. Ti kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tiwa: fóòmù funfun inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gba ìgbá, lẹ́yìn náà ó ti rún. Òkúta odò sì lè gbá yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti ọ̀kadà wúwo, ó ń di etí, ó sì ń gbomi mu, ọrùn ló máa sanwó rẹ̀. Ti kọ́lékọ́lé á ti bá omi lọ níbi ìgbì àkọ́kọ́.

Bó ṣe bá orí mu ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ẹ fi téèpù wọn orí yíká, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lókè irun ojú, kí ẹ fi wé nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ dé e láìdi okùn, kí ẹ tẹ̀ba, kí ẹ mi orí: kò gbọdọ̀ já bọ́. Etí iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìka kan lọ sókè irun ojú. Ẹ wá di okùn, ìka méjì péré ló gbọdọ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti etí iwájú náà sókè gbágbágbá. Bí iwájú orí yín bá ṣí sílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, torí ohun tí omi máa ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èyí tó ní etí gígùn níwájú bíi fìlà ń bu omi bí igbá, á fa ọrùn sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dirí, irun ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ṣùkú kò bá àṣíborí ṣe rárá: irun tó kó jọ sáàárín orí á gbé e sókè, á máa jó lórí yín. Kólẹ́sẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí ló dára jù. Ẹni tó ní dàda tàbí tó fi átáṣímẹ́ǹtì di irun gígùn, kó so ó nísàlẹ̀ ìpàkọ́, kó yọ lábẹ́ etí ẹ̀yìn àṣíborí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì pààrọ̀ irun, ẹ tún gbogbo ìdánwò òkè yìí ṣe, kí ẹ fi fóòmù kún un tàbí kí ẹ yọ díẹ̀. Èyí tó mọ́ra lóṣù tó kọjá lè ti dẹ̀ báyìí.

Àṣìṣe tí mo rò pé ó burú jù ni bíbọ́ ọ ní kété tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀. Òkúta etí odò tí ọbẹ̀dọ̀ ti bò yọ̀ ju ilá lọ, ọkọ̀ sì wà léjìká yín. Ẹ fi sílẹ̀ lórí títí ẹ ó fi dé orí koríko.

Àṣíborí kò ní kí ọpọlọ má mì nínú agbárí. Ẹni tí orí rẹ̀ gbá, tó wá ń bì, tó ń tòògbé tàbí tó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé ìwòsàn ló kàn. Kó má padà sómi lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.

Ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sá a síbòòji. Oòrùn àti ooru búùtù mọ́tò ń sọ ike di gbẹrẹfu, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín sára náà sì lè jẹ irú ike kan. Mi ò lè ra àlòkù láéláé, torí ìlà tó sán lábẹ́ fóòmù kò hàn síta.

Ní ti Lee Valley, ìbéèrè kò sí níbẹ̀: wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ láìdé e. Ọ̀nà omi ti Òlíḿpíìkì gùn tó mítà 300, ó sì ń sọ̀ tó mítà 5.5, èyí kékeré gùn tó 160, ó ń sọ̀ ní 1.6. Èyí kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àṣíborí tí wọ́n bá yá yín, ẹ mì í nílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó gbé e fún yín. Bó bá ń jó, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí irun ló fà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún yín ní èyí tó tóbi jù ú lọ.