Ẹ̀rọ wà láyà bàbá yín, ẹ má torí ẹ̀ da òògùn nù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ẹ̀rọ sáyà bàbá mi torí heart failure (àìsàn tí ọkàn ò fi lágbára tó láti fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara), ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ara wọn sì ti ń mókun. Ẹnì kan tó ń ta àgbo ní Ọjà Ọba wá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ti ń bá ọkàn ṣiṣẹ́, òògùn òyìnbó ò wúlò mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ọdún mélòó sì ni ẹ̀rọ náà máa gbé wọn dé? (Láti Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti òògùn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú torí òun ni kò ṣeé dúró. Irọ́ ni. Ẹ pe dókítà bàbá lónìí, kí wọ́n padà sídìí òògùn, àmọ́ ẹ má kàn kó gbogbo ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà nílé o, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn kan wà níbẹ̀ bíi carvedilol àti bisoprolol tó lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á tún fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ yẹn ń bá ọkàn fa ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rọ ń fa omi kànga. Kò fa nǹkan kan. Iná tín-ín-tín ló ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ sínú ọkàn. Ẹ̀rọ yìí ní oríṣi. Pacemaker lásán wà fún ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ jù. ICD ní tiẹ̀ ń ṣọ́ ọkàn ni, tó bá ṣàdédé ń gbọ̀n lọ́nà tó lè pààyàn, á fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó padà sípò. CRT ńkọ́? Ẹ wò ó bí onílù méjì tí ìlù wọn ò bára mu mọ́, ọ̀tún ń lù tiẹ̀, òsì ń lù tiẹ̀, CRT ló ń mú wọn lù pọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onílù tó ti rọ, òògùn ló ń tọ́jú ẹ̀. Òògùn ló ń sọ ẹrù ọkàn di fúyẹ́, tó ń lé omi jáde lára.

Mo rí ọkùnrin kan lóru ọjọ́ kan tó gba irú ìmọ̀ràn yìí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó ló wà tó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lẹ́yìn tán, ihò tí ọwọ́ mi dá síbẹ̀ ò tíì dí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ àyà ẹ̀ wò, kò sí àbùkù kankan lára ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀.

Ti ọdún, kò sí dókítà tó lè dá a fún yín. Nínú ìwádìí SCD-HeFT tó jáde lọ́dún 2005, aláìsàn 2,521, ICD fi ìdá 23 nínú 100 dín ikú kù. Nínú CARE-HF ọdún kan náà, CRT fi ìdá 36 nínú 100 dín in kù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: orí òògùn làwọn èèyàn yẹn wà, ẹ̀rọ wá kún un ni. Ní ọdún 2024 wọ́n gbé èsì ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ RAFT jáde, wọ́n tẹ̀lé àwọn kan nínú àwọn aláìsàn ibẹ̀ fún bí ọdún 14, àǹfààní CRT ṣì hàn síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú nígbà náà. Àìsàn náà ò lọ, a ń bá a jìjàkadì ni. Bátìrì náà máa ń tán lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹ̀, nítorí náà ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀rọ jẹ.

Àgbo yẹn, ẹ gbé e tì. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá sì fi káún sí i, iyọ̀ ni, iyọ̀ a sì máa dá omi dúró sára.

Tó bá jẹ́ ICD ni, tó sì fún bàbá ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ẹ̀kan tí ara wọn ṣì dáa, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Mi ò tíì fojú rí bàbá o, dókítà tó ń tọ́jú wọn ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ ra ìwọ̀n kan lónìí, kí wọ́n máa gùn ún láràárọ̀ tí wọ́n bá ti tọ̀ tán kí wọ́n tó jẹun, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.