Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè orísun àdìrẹ mi

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n kọ ibi tí òwú aṣọ mi ti wá àti ohun tí mò ń fi omi aró ṣe, kó tó lè polówó ọjà mi pé kò ba àyíká jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Aláró. Èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìkòkò aró yín. Inú aṣọ funfun tí ẹ ń rà ní Ìtòkú ló wà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé, ó sì ń gba ọwọ́ alágbàtà bíi mélòó kan kọjá, débi pé ẹni tó tà á fún yín gan-an kò mọ oko tí wọ́n ti ká òwú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí GOTS, tí wọ́n ń fún aṣọ tí òwú rẹ̀ kò ní kẹ́míkà oko nínú, kò gba irú àlàfo bẹ́ẹ̀: ó kéré tán, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òwú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn láìlo ajílẹ̀ àti apakòkòrò oníkẹ́míkà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń yọ kóró òwú títí dé ibi ìpaláró, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀.

Ẹ lè ní ṣebí òwú wà ní Kàtsínà. Ó wà, àmọ́ inú àpò ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń di í sí. Fọ́nrán ọ̀rá á já mọ́ òwú lára, kò sì ní mu aró, àbàwọ́n funfun tíntìntín á wá hàn lójú aṣọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ahunṣọ tí ì bá sì máa rà á ti kógbá wọlé.

Omi aró ló wà ní ìkáwọ́ yín. Ẹ má dà á sí gọ́tà lójú ẹsẹ̀. Ẹ bù ú sínú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, kí ẹ máa rò ó. Bí atẹ́gùn bá ti ń kàn án, agbára háídírò, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi, á tán, aró á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sísàlẹ̀. Kọ́sítíìkì, sódà líle tí ẹ fi ń po aró, kò ní bá a lọ o: omi tó tòrò lókè yẹn ṣì lè bó ọwọ́, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì máa ta ọtí kíkan sí i díẹ̀díẹ̀ títí bébà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò yóò fi sọ pé ó ti rọ̀. Ẹ má ṣe èyí kí háídírò tó tán, torí èéfín olóró ló máa yọ. Ẹlú àtijọ́ pàápàá kò mọ́ tó bí a ti ń pọ́n ọn, nítorí omi eérú rẹ̀ náà ń bó ọwọ́, igi la sì sun kí eérú tó dé. Ní ti àbẹ́là tí ẹ fi ń ya ọnà kí aró má bàa mú ibẹ̀, bí omi tí ẹ fi sè é kúrò lára aṣọ bá tutù, á léfòó. Ẹ kó o, kí ẹ tún un yọ́ lò.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe sí omi aró àti àbẹ́là, kí ẹ sì jẹ́wọ́ pé ẹ kò tíì mọ oko òwú náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi oníbàárà yín léèrè iye tí yóò fi kún owó ọjà bí ẹ bá ra aṣọ tó ní ìwé ẹ̀rí, torí aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ́n, aláró ni wọ́n sì sábà máa ń di ẹrù rẹ̀ lé lórí.